Oakland Ń Ka Ìwé, Àkúrẹ́ Ń To Búlọ́ọ̀kù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìwé ìkọ̀wé kan máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́. Etí rẹ̀ ti ká, kẹrosíìnì ti ta sí i lára. Ibẹ̀ ni bàbá ń kọ gbogbo ohun tó bá lọ sórí kíkọ́ ilé wa: sìmẹ́ǹtì àpò márùn-ún, yanrìn típà kan, igba búlọ́ọ̀kù, owó bíríkìlà. Láti ìpìlẹ̀ dé ọ̀dà, ọdún mọ́kànlá gbáko ni. A ti kó wọlé lọ́dún kẹsàn-án, nígbà tí pákó ṣì wà lójú fèrèsé.

Oakland ní California ni mo ń gbé báyìí, ìlú fúnra rẹ̀ ló sì ní irú ìwé bàbá mi níbí. Ìjọba ìpínlẹ̀ á gé iye ilé tuntun tí wọ́n nílò fún agbègbè, agbègbè á pín in fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì fún wọn. Ti Oakland, láti 2023 sí 2031, jẹ́ 26,251. Bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin lọ́dọọdún, ìlú gbọ́dọ̀ ti jíhìn: ilé mélòó la fún níwèé àṣẹ ìkọ́lé lọ́dún tó kọjá, mélòó ló parí, irú èèyàn wo ni agbára rẹ̀ á ká a?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn ilé náà sí, bí owó tó ń wọlé fún àwọn tó máa gbé e ṣe pọ̀ tó. Nínú 26,251 yẹn, 6,511 jẹ́ ti àwọn tí owó wọn kéré jù lọ. Níbẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń há. Láàárín 2015 sí 2023, 14,765 ni wọ́n gé fún Oakland. Ilé àwọn tó rí jájẹ kọjá iye tí wọ́n bù fún un. Ti àwọn mẹ̀kúnnù kò pé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo rí i kà. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ síta.

Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń kà o. Bí ìwé bá ti jáde, wọ́n ti ka ilé náà, ìbáà jẹ́ koríko ló ṣì wà lórí ilẹ̀. Lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n fi wáyà yí ká. Pátákó tó ní ilé ń bọ̀ lọ́nà ti ṣá lójú oòrùn. Ẹ̀bá wáyà náà làwọn èèyàn pàgọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

L'Ákùúrẹ́, ilé ló ń ṣáájú ìwé. Èèyàn á ti bímọ mẹ́ta nínú ilé tí kò ní ju rìsíìtì àwọn mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ọ̀dọ̀ gómìnà lọ gba nǹkan kan. Lóòótọ́ ìjọba ti kọ́lé: Ìjàpó wà, Ọ̀bà-Ilé wà, Shagari Village wà láti ayé Ààrẹ Shagari. Ṣùgbọ́n kọ́pùrétíìfù, èésú àti owó ìfẹ̀yìntì ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Àkúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì ńkọ́? Oṣooṣù ni mò ń san tèmi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, ọ̀pọ̀ onílé ní California kò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù kan lọ fún owó ìdúró tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Síbẹ̀, rẹ́ǹtì ń gbé ohun tó sún mọ́ ìdajì owó oṣù mi lọ. Ti àbúrò mi l'Ákùúrẹ́, owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀, owó àdéhùn lọ́tọ̀. Nígbà tí onílé tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó yáwó, ó ra ilẹ̀.

Ó pè mí lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, a ti dé lẹ́ńtù o!" Inú mi dùn, mo kí i kú oríire. Mo wá bi í bóyá ó ti gbàwé àṣẹ.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí páànù kàn ná, Ẹ̀gbọ́n."

Mi ò lè bá a wí. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, torí odò Àlà ò jìnnà síbẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tí odò Àlà ń ṣe lásìkò òjò. Ẹni tó ń fúnni níwèé ló yẹ kó ti sọ fún un kó tó walẹ̀ ìpìlẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba Oǹdó fún nìyẹn: kí ìwé rọrùn, kó má wọ́n, kí wọ́n sì máa ka ilé lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo wálé ní Kérésìmesì, mo rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa dé òpin rẹ̀. Ilé mẹ́tàlélógójì ni mo kà. Méjìlá nínú wọn kò tíì lórùlé. Nínú márùn-ún lára àwọn méjìlá náà, aṣọ ọmọdé wà lórí okùn. Mo padà sílé, mo wá ìwé bàbá jáde, mo kọ ọ́ sójú ewé tó kẹ́yìn.