Tábìlì Sọ́ńdè ní Leeds àti ní Ìbàdàn

Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní Sọ́ńdè tó kọjá. Inú ilé ìdáná ló wà, mo ń gbọ́ bí òróró dòdò ṣe ń ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jẹ Sunday roast báyìí, ẹ ò tiẹ̀ rántí wa mọ́. Ẹ ya fọ́tò tábìlì yín ránṣẹ́, ká fi ṣe ìran wò." Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ náà bá a rín in. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Aago mọ́kànlá ti lọ, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, mo sì ń lọ sílé ẹni kẹrin tí mo máa tọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, mo sì mọ̀ pé kò ní in lọ́kàn láti bí mi nínú.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, oúnjẹ ọ̀sán Sọ́ńdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Sunday roast. Wọ́n á ki odidi ẹran bọ inú oven, ìbáà ṣe màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ. Wọ́n á bọ pòtétò díẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n nínú asẹ́ títí ara rẹ̀ á fi rí ṣákiṣàki, kí wọ́n tó dà á sínú ọ̀rá gbígbóná kí èèpo rẹ̀ lè gbẹ káká. Kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì da gravy lé e, ìyẹn omi ẹran tí wọ́n mú ki. Tó bá jẹ́ ẹran màlúù, Yorkshire pudding ò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀. Ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n ń pò fún un, á sì wú sókè nínú oven bíi fìlà. Ó ti wà nínú ìwé ìdáná pẹ̀lú orúkọ yẹn láti ọdún 1747. Ilẹ̀ Yorkshire gan-an ni Leeds tí à ń gbé wà, ẹ má ṣe bu ẹnu àtẹ́ lu pudding wọn níbí.

Ti ilé ò gba àlàyé. Ìrẹsì, ọbẹ̀ ata, dòdò, adìyẹ díndín. Kí àlùfáà tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ni òórùn ọbẹ̀ ti gba gbogbo Mókọ́lá, àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ẹ ó gbé abọ́ fún ará ilé kejì, àwọn náà á gbé tiwọn wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ṣé àwọn òyìnbó ṣì ń se tiwọn nílé? Wọ́n ń se é. Obìnrin ará Leeds kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ́ kí Sọ́ńdè kan kọjá láìse é. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti ń bó pòtétò, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti gbéyàwó ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tiwọn. Ní àdúgbò wa, tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ọ̀sán, mo máa ń gbóòórùn ẹran láti ojú fèrèsé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ilé tó wà ní òpópónà wa lé ní ogójì. Àwọn mìíràn ń lọ jẹ ẹ́ ní pub, ìyẹn ilé ọtí tó ń ta oúnjẹ, pàápàá ní Sọ́ńdè àwọn ìyá, tí ẹ ò ní rí àga jókòó sí tí ẹ ò bá ti bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń ra pudding àti pòtétò tó ti dì sínú yìnyín, wọ́n á sì da omi gbígbóná lu gravy inú agolo. Owó iná àti gáàsì tó gbẹ́nu sókè lọ́dún 2022 mú kí ọ̀pọ̀ máa rò ó kí wọ́n tó tan oven fún wákàtí méjì. Àti pé iṣẹ́ ń bẹ ní Sọ́ńdè báyìí. Òfin ọdún 1994 ló jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà ńlá ní England àti Wales máa ṣílẹ̀kùn fún wákàtí 6 lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní aago méjì ọ̀sán ò lè máa gé ẹran nílé.

Ẹran wà lọ́jà, oven sì ń bẹ ní gbogbo ilé tí mo ń wọ̀. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé Màmá kan ni mo sì ti mọ̀ ọ́n.

Màmá yìí jẹ́ ẹni ọdún 87. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ, bí àwọn yòókù ṣe ń pè é, ẹnu mi ò gbà á. Màmá ni mò ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára. Yàrá ìjẹun rẹ̀ ní tábìlì igi kan tó ń dán, àga mẹ́fà ló yí i ká. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀bẹ ńlá àti fọ́ọ̀kì eléyín méjì tí ọkọ rẹ̀ fi ń gé ẹran wà, ó wé e sínú aṣọ funfun. Ó ti sọ ìtàn ọ̀bẹ náà fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Bàbá ló ń pọ́n ọn, Bàbá ló ń gé ẹran, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abọ́ títí á fi gé e tán. Mo sọ fún un pé nílé tiwa, iwe adìyẹ ni ti bàbá, àti pé ọmọ tó bá jẹ iwe láìgbàṣẹ á rí ohun tó ń wá. Ó rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pudding ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú gravy, kí ikùn lè kún kí ẹran tó dé, torí ẹran ò tó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé ni ìjọba fi ń pín ẹran fún wọn títí di oṣù Keje ọdún 1954. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ìyá ìyá mi ni mo rántí, bó ṣe ń rọ ẹ̀bà ńlá fún wa kó tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò wá ẹran. Ẹran tó bá kù ní Sọ́ńdè, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Mọ́ńdè, torí Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìfọṣọ, kò sáyè ìdáná.

Báyìí, èmi ló ń gbé oúnjẹ Sọ́ńdè fún un. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fún mi nínú ilé rẹ̀, fóònù ló ń ka àkókò náà. Nínú ìṣẹ́jú 30 yẹn ni mo ti máa bá a dé ilé ìtọ̀, tí mo máa fún un lóògùn, tí mo máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹran tó ń gba wákàtí méjì nínú oven ò lè bá ìyẹn mu. Nítorí náà, inú abọ́ ike ni roast tirẹ̀ ti ń wá. Mo máa fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀rá ojú rẹ̀, mo máa gbé e sínú microwave, mo máa tú u sínú àwo tó mọ́, torí mi ò lè gbé ike síwájú ìyá ẹnikẹ́ni. Ó máa ń jókòó sí ìdí tábìlì náà, ó sì kọ̀ kí n gbé e fún un níwájú tẹlifíṣọ̀n. Á wo àga márùn-ún yòókù, á ní, "Jókòó, kí o jẹ díẹ̀ níbẹ̀." Mo máa ń dúró. Òfin ibi iṣẹ́ wa ò gbà ká bá ẹni tí à ń tọ́jú jẹun. "Ó gba ibi ire, Màmá" ni mo máa ń sọ fún un ní Yorùbá, mo sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé kí èmi àtàwọn ọmọ mi wá se roast fún un lọ́jọ́ tí mo bá wà ní ìsinmi. Wọ́n ní rárá, kò bófin mu.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Bristol. Ọkùnrin wà ní Australia. Ọkùnrin yìí kì í gbàgbé láti pè é. Bí mo bá dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo máa ń bá ojú rẹ̀ lórí tablet, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀. "Mum, kí lẹ máa jẹ lónìí?" "Roast, ọmọ mi." Inú rẹ̀ á dùn. Kò mọ̀ pé nínú ike ni, Màmá ò sì ní sọ fún un láéláé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti bá mi. Èmi ni ọkùnrin Australia yẹn. Èmi náà ń pe Ìbàdàn ní gbogbo Sọ́ńdè, mo ń béèrè ohun tí Màmá wa jẹ, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Lọ́jọ́ kan Màmá Leeds bi mí pé, "Ta ló ń bá màmá tìrẹ jẹun?" Mo ní àbúrò mi ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Ó dáa, kò dá wà." Mo lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kó má bàa rí ojú mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo sá. Olùkọ́ ni mí nílé. Oṣù mẹ́ta ni owó oṣù mi wà nílẹ̀ nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wa tán, ọwọ́ mi ló sì ń wò. Látìgbà tí mo ti dé ibí, oògùn yẹn ò tán rí. Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ ní Mókọ́lá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni mo ń ra àpò rẹ̀, mo sì ń rà á tìdùnnú-tìdùnnú. Ká ní mo wà nílé, à bá jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà, ṣùgbọ́n kí ni ì bá wà nínú àwo? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí nínú bọ́ọ̀sì lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò kábàámọ̀ pé mo wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àbúrò mi mọ̀ pé ohun tó ní ní Sọ́ńdè, tó rò pé kò jẹ́ nǹkan kan, òun ni àwọn àgbà ibí ń wojú ọ̀nà fún.

Roast tó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, Ọjọ́rú làwọn ọmọ mi ń jẹ ẹ́, nílé ìwé. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da gravy sínú ihò pudding. Ní Sọ́ńdè, èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di aago mẹ́ta, ọkọ mi ń sùn nítorí iṣẹ́ òru, àwọn ọmọ á gbọ́n ìrẹsì fúnra wọn. Ọjọ́rú nìkan ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà nílé lálẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo máa ń se ọbẹ̀ ata, tí mo máa dín dòdò, tí ọkọ mi á jẹ iwe. A ra tábìlì kan ní ilé ìtajà àlòkù, àga mẹ́rin ló ní.

Fọ́tò ìyẹn ni mo yà fún un lálẹ́ àná. Mo ní kó fi han Màmá wa kí wọ́n tó sùn.