Ìbínú ni mo fi di ìbò bọ́ǹdì àkọ́kọ́

Oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ dìbò ní Amẹ́ríkà, ní ìwọ̀ oòrùn Houston tí à ń gbé. Mi ò tíì pé ọdún kan tí mo di ọmọ ìlú. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi, oorun ń kùn mí. Mo rò pé orúkọ èèyàn ni mo fẹ́ lọ yàn. Nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ, bọ́ǹdì ilé ìwé, ìyẹn gbèsè tí ilé ìwé fẹ́ yá, ni mo bá níbẹ̀, mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ, mílíọ̀nù dọ́là lórí mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́tà gàdàgbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: THIS IS A PROPERTY TAX INCREASE. Pé owó orí ilé máa lọ sókè nìyẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi tí owó orí ilé ọdún tó kọjá ṣì ń ta mí lára. Mo tẹ "mi ò gbà" lẹ́ẹ̀mẹta, mo lọ sùn. Gbogbo wọn wọmi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo lọ mú ọmọ mi nílé ìwé lọ́jọ́ òjò. Èrò ti pọ̀ ju ilé ìwé náà lọ, inú yàrá onípákó tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ni kíláàsì wọn wà. Kò sí ilé ìtọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ tọ̀ á sáré la òjò já lọ sínú ilé ńlá. Bàtà ọmọ mi rin gbindin, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń ro tó-tó-tó sínú mọ́tò. Tíṣà rẹ̀ ní, "Bọ́ǹdì tí wọ́n dà nù yẹn ni ì bá kọ́ tiwa." Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó kà nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas níbí. Tẹ́ ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ míì, òfin yàtọ̀: ní tiwa, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí ti borí, àmọ́ ní Washington, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá.

Owó orí ilé tí ISD, ìyẹn àjọ tó ń darí ilé ìwé ìjọba ládùúgbò, ń gbà lọ́wọ́ wa, àpò méjì ló ń wọ̀. Àpò kìíní ni wọ́n ń pè ní M&O: owó oṣù tíṣà, iná, epo bọ́ọ̀sì. Àpò kejì ni I&S, gbèsè nìkan ló wà fún. Bọ́ǹdì, gbèsè ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní "kí wọ́n kọ́kọ́ fi kún owó tíṣà ná kí wọ́n tó máa kọ́lé" kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi gan-an sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún sọ ọ́ tagbára-tagbára. Òfin ò gbà kí wọ́n fi owó bọ́ǹdì san owó oṣù. Ilé, òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù, bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà, irú wọn ló wà fún.

Bí wọ́n ṣe ń yá a ni pé ISD á ta ìwé gbèsè fún àwọn olówó, á gba owó náà lẹ́ẹ̀kan, á wá máa dá a padà tèlé-tèlé fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Ìpínlẹ̀ Texas ló ń ṣe onídùúró fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú Permanent School Fund tó ti wà láti ọdún 1854, kí èlé lè mọ níwọ̀n. Àmọ́ ilé èmi àti ẹ̀yin ló ń san gbèsè.

Ní ti gbólóhùn gàdàgbà tó bí mi nínú yẹn, láti ọdún 2019 ni òfin Texas ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára gbogbo ìbò bọ́ǹdì ilé ìwé, yálà réètì, ìyẹn iye sẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé, máa gbéra àbí kò ní gbéra. Gbèsè àtijọ́ a máa tán, ISD á sì fi àyè rẹ̀ gbé gbèsè tuntun láì fi kún réètì. Nítorí náà, gbólóhùn yẹn nìkan ò sọ nǹkan kan fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ti ISD náà gbọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní "réètì ò ní yí padà," òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ tí wọ́n gé lápá ni. Réètì kọ́ là ń san. Tí wọ́n bá ní iye owó ilé yín ti gòkè, réètì kan náà á kó owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́ yín. Wọn ò sì ní sọ fún yín pé tí bọ́ǹdì náà bá wọmi, ó ṣeé ṣe kí réètì I&S wálẹ̀ bí gbèsè àtijọ́ bá ń tán.

Ẹ mú bírò. Ká ní 320,000 dọ́là ni wọ́n díye lé ilé yín. Ẹ yọ homestead exemption, ìyẹn iye tí wọn kì í gba owó orí lé lórí ilé téèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé, tó di 140,000 dọ́là fún owó orí ilé ìwé lẹ́yìn ìbò oṣù kọkànlá 2025. Ó ku 180,000. Tí bọ́ǹdì bá máa fi sẹ́ǹtì 5 kún owó orí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, 90 dọ́là ni lọ́dún, dọ́là méje ààbọ̀ lóṣù. Kì í ṣe òfo, kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ làágùn.

Ìṣirò yìí ló tú àṣírí tèmi. Mo wá exemption nínú ìwé owó orí wa, mi ò rí i. Ọdún mẹ́rin la ti ń gbé inú ilé náà! A rò pé ẹni tó bá wa ra ilé ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà ní ọ́fíìsì Appraisal District, àwọn tó ń díye lé ilé, ẹ má dá lẹ́tà tó ń bèèrè owó lọ́wọ́ yín lóhùn. Òfin gba èèyàn láyè láti padà sẹ́yìn ọdún méjì. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ti lọ sọ́run.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ní òun ò ní dìbò fún gbèsè láéláé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 65, tẹ́ ẹ sì ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n ti de owó orí ilé ìwé yín mọ́lẹ̀. Bọ́ǹdì ò lè gbé e, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́ yàrá kún ilé." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ọmọdé lẹ máa wá san án?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti san tiwa, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà lára àwọn tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní Jánúárì 1955 nílé, wọ́n sì ní baba àwọn kùn gan-an nítorí ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó kùn nígbà yẹn pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ 1954.

Ohun tó dára nínú òfin 2019 ni pé wọn ò lè fi pápá bọ́ọ̀lù ńlá àbí odò ìwẹ̀ pamọ́ sábẹ́ kíláàsì mọ́. Ọ̀tọ̀ ni ìbò wọn. Ní Allen, lókè Dallas, wọ́n ná 60 mílíọ̀nù dọ́là lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tó gba èèyàn 18,000. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, nígbà tó di 2014 wọ́n tì í, kọnkéré ti sán. Ní California, Poway yá 105 mílíọ̀nù ní 2011, wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ fún ogún ọdún. Ohun tí wọ́n máa dá padà súnmọ́ bílíọ̀nù kan. Àròpọ̀ owó àti èlé ni kẹ́ ẹ máa wá, kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ yá. Ó wà nínú Voter Information Document, ìwé àlàyé fún olùdìbò tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé jáde, pẹ̀lú gbèsè tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èèyàn sì lè ní ìdí míì tó fi máa kọ̀. Ní Houston, oṣù kọkànlá 2024, wọ́n bèèrè 4.4 bílíọ̀nù. Ilé ìwé tó ń jò kún ìlú, síbẹ̀ àwọn ará ìlú kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn ò fọkàn tán àwọn tí ìpínlẹ̀ gbé wá máa darí ilé ìwé wọn láti 2023. Mi ò bá wọn jà.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ó kéré tán 30 ọjọ́ ṣáájú ìbò. Wọn ò gbà kéèyàn lo fóònù nídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ìwé ò léèwọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn rìsíìtì ilé ìtajà HEB ni mo kọ tèmi sí nígbà tí bọ́ǹdì tún dé: A, bẹ́ẹ̀ ni, B, bẹ́ẹ̀ ni, pápá bọ́ọ̀lù, mi ò gbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. Bàbá ọmọ mi, tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù wọn yìí bí ẹ̀mí, ti ra fìlà ilé ìwé náà.