Kí ẹ tó jókòó ṣe mindfulness, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá

Àárẹ̀ ọkàn (depression) ló gbé mi dé ìdí mindfulness, ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láìdá a lẹ́jọ́. Ó ń lọ, ó ń padà, títí dókítà mi ní London fi ní kí n lọ sí kíláàsì rẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ. Jon Kabat-Zinn, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, ló dá irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1979 ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts, fún àwọn tí ìrora wọn ò gbọ́ oògùn. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn mẹ́ta, Segal, Williams àti Teasdale, wá tún un ṣe fún ẹni tí àárẹ̀ ọkàn máa ń padà wá bá.

A ń ṣọ́ èémí, a ń fi ọkàn tọ ara láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí. Bí èrò “mi ò wúlò” bá dé, a ó rí i pé èrò lásán ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ìyẹn nìkan gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òru.

Nígbà tí mo lọ sí Amaravati, ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ní Hertfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan yàtọ̀. Òfin márùn-ún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: má pa ohun ẹlẹ́mìí, má jalè, má ṣe ìṣekúṣe, má purọ́, má mu ohun tó ń pani bí ọtí. Ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò bi mí bí mo ṣe ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ Búdà, ipò keje ni àkíyèsí, ìyẹn mindfulness, wà nínú ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́jọ tó fi kọ́ni bí a ṣe ń gbé ayé. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ti ṣáájú rẹ̀. Wọn ò sì ṣọ́ èémí torí kí ara kàn lè balẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí o rí i pé kò sóhun tó dúró, títí kan ohun tí ò ń pè ní “èmi”. Èmi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ tọ́ dàgbà, mi ò tíì gba ìyẹn.

Síbẹ̀, òfin irọ́ pípa yẹn ti tún ilé mi ṣe ju ìjókòó lọ.

Bí àárẹ̀ ọkàn bá wà lára yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má sáré lọ fi ọjọ́ púpọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbì kan. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ru ohun tó ti sùn sókè nínú àwọn kan. Ẹ má sì tìtorí mindfulness dá oògùn yín dúró láìsọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín.