Òkìtì Ọsàn ní Ọjà Ọba
Ní àárọ̀ àná, mo dúró ti màmá kan tó ń ta ọsàn ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, mo sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ọsàn kọ̀ọ̀kan ti ìpele òkè sínú kòtò kékeré tó wà láàrin mẹ́ta tó fara kanra nísàlẹ̀. Bí átọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹyọ kékeré tí a fi mọ gbogbo nǹkan, ṣe tò nínú wúrà, bàbà àti fàdákà nìyẹn: ọ̀kọ̀ọ̀kan fara kan 12 mìíràn, mẹ́fà yí i ká, mẹ́ta wà lókè, mẹ́ta wà nísàlẹ̀. (Irin tí kò gbóná kò rí bẹ́ẹ̀; átọ́ọ̀mù 8 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ fara kan.) Ní 1611 ni Johannes Kepler, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ará Jámánì, ti sọ pé kò sí ìtò bọ́ọ̀lù tó lè fún mọ́ra ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ òfo inú rẹ̀ ṣì tó nǹkan bí ìdá 26 nínú 100.

Àṣejù mi ni pé mo fẹ́ fojú ara mi ka méjìlá náà. Mo fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀, òkìtì sì ya.

“Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́?”

Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣa ọsàn títí dé etí gọ́tà, mo sì ra mẹ́tàlá: ọ̀kan fún àárín, méjìlá fún aládùúgbò rẹ̀.