Sikélì ẹlẹ́ja ni mo fi wọn ẹrù Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Òde ló bá mi wọn àpótí mi. Wọ́n fi àkísà nu ojú sikélì tí wọ́n fi ń wọn páálí ẹja, wọ́n ní kí n gbé ẹrù náà lé e. Abẹ́rẹ́ sikélì gbọ̀n lọ, ó gbọ̀n bọ̀, ó wá dúró lórí 29. Ìyá wo àpótí, wọ́n wo ojú mi. "Tíṣà, ogún kílò ni páálí ẹja kan o. Bíi páálí kan ààbọ̀ lẹ fẹ́ gbé wọ bàálù yìí." Kílò 23 ló sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì mi, àpótí kan ṣoṣo.

Ibi àpótí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrìnàjò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ nílé pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Kí lo máa gbé lọ fún wọn?" Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe kọ orúkọ mi. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán kan péré ni àpótí gbà lọ́wọ́ mi. Orúkọ gba ọ̀sẹ̀ méje.

Ọnàfowókàn ni orúkọ ìdílé wa. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní ONAFOWOKAN, àwọn kan ń kọ ọ́ ní ONOFOWOKAN. Bàbá mi fi O kọ ọ́ sára ògiri ilé wọn. Tíṣà tó gba orúkọ mi sínú rẹ́jísítà ní pírámárì fi A kọ ọ́, A yẹn ló sì bá mi dé WAEC, tó bá mi dé yunifásítì, tó tún bá mi wọ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí mo fẹ́ gba NIN, bàbá mi ló tẹ̀ lé mi lọ, àwọn náà ló sì pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó ń ki oríkì. O ni wọ́n pè. Inú NIN yìí sì ni wọ́n ti ń fa orúkọ yọ fún páásípọ́ọ̀tù.

Kí n tó rí i tún ṣe, mo búra ní kóòtù, mo gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, mo tò títí ẹsẹ̀ ń ro mí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje yẹn, "ẹ n lẹ́" lásán ni bàbá mi ń fi dá mi lóhùn nígbà tí mo bá kí wọn. Lójú tiwọn, mo ti ta orúkọ baba wọn nítorí òyìnbó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba Ṣàgámù, mo bọ́ sọ́nà Síun àti Kobapẹ́, ó di Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ya fọ́tò tí mo sì tẹ̀ka fún páásípọ́ọ̀tù. Olójú-ewé 64 ni mo gbà, èyí tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Owó rẹ̀ nígbà náà, ní ọdún 2023, kò tíì ga tó báyìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni irú tèmi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó tó sanwó, kó kọ́kọ́ kó gbogbo káàdì àti sátífíkéètì rẹ̀ sórí tábìlì, kó máa fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó sì ti ní i lọ́wọ́, kó wo ọjọ́ tí ìwé náà máa kú. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í gbà á bí kò bá ku oṣù mẹ́fà lára rẹ̀.

Físà ló kàn. Ti àbẹ̀wò sí Ìlú Ọba, £100 ni lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló sì fi káàdì san án lọ́hùn-ún. Oṣù mẹ́fà lèèyàn lè fi jókòó jù lọ. Wọn ò gbà kéèyàn béèrè ṣáájú oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìrìnàjò, èsì rẹ̀ sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jáde. Oṣù Kẹjọ, nígbà ọlidé, ni mo fẹ́ lọ, mo bá fi ìwé mi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn burúkú pọ̀ sí jù. Mo mọ ẹnì kan tó yá mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, ó kó o sínú àkáǹtì lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ sítétímẹ́ǹtì jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò fún un ní físà. Owó tó dédé já bọ́ látọ̀run, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Gbogbo ayé ló ń sọ pé Ìjẹ̀bú lówó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé físà ò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi náà ní ibi tó ti fẹ́ dà bíi ti ẹni yẹn: ní oṣù Kẹrin, ₦600,000 wọlé sí àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó kọpuréétíìfù ni. Mo lọ bá akọ̀wé wa, ó kọ ìwé fún mi pé ₦25,000 ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi fún ọdún méjì gbáko. Mo so ìwé yẹn mọ́ sítétímẹ́ǹtì, mo tún fi ìwé ọ̀gá ilé-ìwé wa sí i pé wọ́n ń retí mi lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Mo gbà pé ìwé méjèèjì yẹn ló ṣiṣẹ́ ju lẹ́tà ìkésíni ẹ̀gbọ́n mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Wọ́n tún ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Irọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń fún èèyàn ní yẹ́lò káàdì rẹ̀, Ìlú Ọba ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n mo gbà á, torí láti ọdún 2016 ó ti di pé ẹ̀ẹ̀kan láyé lèèyàn ń gbà á, bí mo bá sì fẹ́ lọ sí Gánà lọ́la, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹ má dúró di àná ìrìnàjò ṣá o: ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì náà tó jẹ́.

Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń fúnni ní físà ń gbà wá ni pé kéèyàn má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde. Mo gbọ́ràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báǹkì Àpapọ̀ tú okùn lọ́rùn náírà, wọ́n ní kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sí dọ́là, tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti béèrè owó rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún sì fò lọ sókè. Wọ́n ní kí n dúró, náírà ní kí n sáré. Epo ọkọ̀ náà ti kúrò ní nǹkan bí igba náírà ní lítà kan, ó ti ń lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, torí náà owó ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà pàápàá ò ṣeé sọ lẹ́ẹ̀mejì. Físà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Kílò mẹ́fà gbọ́dọ̀ jáde. Kóòtù òkìrìkà tí mo rà lọ́jà Òkè-Ajé ló kọ́kọ́ jáde. Àṣé ẹ̀wù tín-ín-rín kan ti tó fún Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kẹjọ. Irin tí wọ́n ní kí n rà fi sí ẹnu ṣájà náà jáde, torí ihò iná tiwọn àti tiwa ò yàtọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Jámánì ló nílò rẹ̀. Iṣu méjì tí ìyá mi fi sí i jáde pẹ̀lú. Nǹkan tútù láti oko, iṣu, ata, ẹ̀fọ́, ó nílò ìwé àṣẹ tó fi hàn pé kòkòrò ò sí lára rẹ̀, èmi ò sì mọ ìwé tí mo lè gbà fún iṣu.

Gaàrí dúró. Gaàrí ò lè jáde. Ìyá mi ti jẹ́ kó kan dáadáa nínú àpò kí wọ́n tó yan án, wẹ́wẹ́ ni, gbígbẹ, ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, bí omi tútù bá kàn án ó máa ń ta èèyàn nímú. Kò sí òfin tó dí i lọ́nà. Èlùbọ́ náà ń wọlé. Ẹja gbígbẹ ń wọlé, bí kò bá ti ju ogún kílò lọ. Ẹran àti wàrà ni wọn ò fẹ́ rí rárá, bó jẹ́ kílíṣí, bó jẹ́ pọ̀nmọ́. Ìyá ẹlẹ́ja tún un wọ̀n: 22. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Òórùn títùsì bá ìdí àpótí yẹn dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n gbéra ni Ìyá Kúnlé dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, Lọ́ńdọ̀nù sì ni Kúnlé ọmọ wọn wà. Wọ́n gbé ẹrù kékeré kan kalẹ̀, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù yí i ká bí òkú tí wọ́n wé.

"Fún Kúnlé ni. Nǹkan jíjẹ lásán ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má bínú, mo máa tú u wò."

"Kí lo fẹ́ tú? Ṣé igbó ni mo dì fún ọ ni?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n máa bi mí ní pápákọ̀ bóyá èmi fúnra mi ni mo di ẹrù mi. Mi ò lè purọ́ níbẹ̀, mi ò sì lè sọ fún àwọn tó ń wá oògùn olóró kiri pé "ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi rán mi." Ojú mi gbọ́dọ̀ rí i. Wọ́n pòṣé, wọ́n yíjú sí ògiri bí mo ṣe ń fi ọ̀bẹ gé e. Ọ̀rá. Bébà sìmẹ́ǹtì. Ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà, fìlà etí-ajá tuntun, ọṣẹ dúdú nínú ike kan, àti ẹran ẹtu gbígbẹ, dúdú, ọ̀rá rẹ̀ ń dán. Èéfín rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

"Ìyá, ẹran ò gbọdọ̀ wọlé níbẹ̀."

"Ẹran tí mo fọwọ́ ara mi yan! Sọ fún wọn pé Ìyá Kúnlé ló yan án."

Mo kó fìlà àti ọṣẹ sínú àpótí. Wọ́n kó ẹran wọn padà sínú báàgì, wọ́n sì bọ́ sí gáréèjì láìjẹ ìkòkoré tí ìyá mi sè kalẹ̀ fún wọn. Ìyẹn kọ́ ni nǹkan kékeré láàárín wa.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù mi, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo kúrò nílé. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní rẹ́rìn-ín. Mo ti wo kàlẹ́ńdà tẹ́lẹ̀ kó má bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí gbogbo ayé ń lọ fún ìsìn ìjọ Rìdíìmù ní Redemption, kó má sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àpèjọ ńlá wọn tó máa ń wáyé nínú oṣù Kẹjọ. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀nà lọ́wọ́. Láti Ṣàgámù dé Ìbàfò, a ń rìn. Nígbà tó di Kárà, a dúró bí ère fún wákàtí méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn màlúù tí ara tù jù wá lọ.

Ní pápákọ̀, nǹkan méjì péré ló bá mi jà. Mo fi páwà báǹkì sínú àpótí, wọ́n ní kí n ṣí i kí n mú un jáde, ọwọ́ ni wọ́n ń mú un dání wọ bàálù. Ìpara mi, tó ti lọ sí ìdajì, wọ́n jù ú nù nínú báàgì ọwọ́, torí ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ ni wọ́n ń wò, 400 ml, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. 100 ml ni òpin.

Ní Heathrow, obìnrin kan bi mí pé ọjọ́ mélòó ni màá lò, ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo dáhùn, ó lu òǹtẹ̀, ó tán. Mi ò tilẹ̀ yí aago ọwọ́ mi padà. Lásìkò ooru wọn, aago kan náà la jọ ń lò.

Kúnlé wá gba ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó dé fìlà sórí, ó gbóòórùn ọṣẹ, ó tún yẹ inú ọ̀rá náà wò, ó gbọ̀n ọ́n yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀.

"Màámi ní ẹran ẹtu wà níbẹ̀. Ẹran dà?"

Mo ní ó wà n'Íjẹ̀bú-Igbó.

"Wọ́n ti fi se ọbẹ̀," ó ní, ó sì jókòó.