Lípsítíìkì Lórí Bọ́ọ̀sì

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road ní London. Àjà òkè ni mo ń gùn lọ, níwájú pátápátá, níbi tí iná títì ti ń tàn wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń kunjú. Digí lọ́wọ́ òsì, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí iná pupa bá dá bọ́ọ̀sì dúró, mo fa irun ojú kan. Bí òmíràn bá tún dá a dúró, mo fa èkejì. Dírẹ́bà kan wà tó fẹ́ràn kó máa tẹ bíréèkì lójijì. Ọjọ́ tó bá jẹ́ òun ló wà nídìí ọkọ̀, irun ojú mi kan á ga ju èkejì lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. "Ìyàwó, ọkọ rèé, ọmọ méjì rèé. Ta lo tún ń kunjú fún?" Wọ́n ní ìwà lẹwà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe nawọ́ gbé mi dìde, mo rí oríkèé ìka wọn: dúdú bíi kóró iṣin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì pọ́n yòò. Ìpara abóra tó ní hydroquinone nínú, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n tà láìsí ìwé dókítà, kì í ṣe oge ní tiwọn. Pẹ́ńsùlù tèmi nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀.

N kì í ṣe ọlọ́ge láti kékeré. Lẹ́yìn tí mo bí àbíkẹ́yìn mi lọ́dún 2015, odidi ọdún kan ni mo fi wọ húùdì kan náà, tí mo de fìlà olówùú mọ́rí. Mo lọ mú àkọ́bí mi nílé ìwé lọ́jọ́ kan, tíṣà tuntun kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó wá bi ọmọ náà bóyá ìyá rẹ̀ àgbà ló wá mú un lónìí. Ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo wo digí títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀kùn.

Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ ra foundation, ìpara aláwọ̀ ara tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi kunjú. Mẹ́ta péré ló wà lórí àtẹ fún aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tó ń tajà fi ọ̀kan ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní ó bá mi mu. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe ojú o. Nínú fọ́tò ìkómọ tí a yà lọ́jọ́ kejì, ẹ wá wò mí: ojú Fáńtà, ọrùn Kóòkì. Ọkọ mi ní ó dáa. Kò gbójú kúrò lára fóònù.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni Rihanna olórin gbé àtíkè tirẹ̀, Fenty Beauty, jáde: foundation oníàwọ̀ 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó di Knightsbridge níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọbìnrin kan fa ìlà mẹ́ta sí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó mú mi jáde síta kí oòrùn bá a wò ó. Ìlà kejì ti pòórá. Mo ń wá a nínú digí, n kò rí i. Owó iṣẹ́ tó ju wákàtí mẹ́ta lọ ni mo fi rà á, mo sì gbé e mọ́yà nínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹní gbẹ́yin.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ Rihanna ni ojú kíkùn ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ìyá mi, tó ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í jáde láìlé tìróò. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, ẹnì kan kò bi wọ́n rí pé ta ni wọ́n ń lé e fún. Nígbà tí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ, wọ́n gbé tìróò dání, wọ́n fẹ́ lé e fún ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ìyálọ́mọ wò nílé rí i lórí tábìlì, ó bẹ̀ mí pé kí n má dán an wò: òjé ló wà nínú rẹ̀. Mo lọ wá a kà. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé inú rẹ̀ lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo sọ fún ìyá mi. "Ìwọ tí mo lé e fún ńkọ́, ṣé ojú rẹ fọ́?"

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ojú, ọpọlọ ọmọ ni."

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n fi tìróò náà sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ mi. N kò jù ú nù, n kò sì lò ó.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti aago méje, ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi mọ́: mo ń wẹ ẹni yìí, mo ń fún tọ̀hún lóúnjẹ, mo ń yí ẹlòmíràn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá délé, àwọn ọmọ ti ń retí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá orí bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ọwọ́ yìí fi ń tọ́jú èmi tí mo ni ín. Èsì tó yẹ kí n fọ̀ fún Màmá ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí mo fi kúnlẹ̀ dípò rẹ̀.

Ìyá òyìnbó kan wà ní yàrá kẹrin, wọ́n ti lé ní 90 ọdún. Wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí lípsítíìkì lọ́wọ́ mi, wọ́n á na ètè fúnra wọn. Tiwọn pupa rẹ́súrẹ́sú, tèmi dà bí obì. Lánàá, bí mo ṣe ń nu etí ẹnu wọn, wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní irun ojú mi kan ga ju èkejì lọ.

Mo ní dírẹ́bà ni.