Títa Àgbọ̀nrín Lọ́fà Láti Orí Ẹ̀gùn ní Maryland

Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àmọ́ díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kìíní ni ìjọba fàyè gba ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ láti fi ọrun àti ọfà dẹ àgbọ̀nrín. Ìgbà yìí gùn ju ti ìbọn lọ fíìfíì. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Òkè-Ògùn, ìbọn ṣakabùlà àti iná tí wọ́n ń so mọ́rí ni mo bá lọ́wọ́ bàbá mi. Níbí, ẹni tó bá tan iná wá àgbọ̀nrín lóru ti rú òfin. Láti ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni wọ́n gbà wá láyè.

Ohun tí kò yàtọ̀ sí tilé ni ẹ̀gùn, ìyẹn ibi ìjókòó tí ọdẹ ń lúgọ sí lórí igi. Irin ni tibí, wọ́n á so ó mọ́ igi, ó sì sábà máa ń ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Láti òkè yẹn, òórùn ọdẹ kì í tètè dé imú ẹran. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tí kì í tàsé lórí ilẹ̀ á gun igi, ọfà rẹ̀ á sì máa gba òkè ẹ̀yìn ẹran kọjá.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ìjìnnà ló fà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá wà lókè ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, tí ẹran sì dúró ní 20 yáàdì sí ìdí igi, láti ojú yín dé ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 21 yáàdì lọ. Òótọ́ ni pé 20 yáàdì tó wà nílẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ fi ṣèṣirò, torí òun ni òòfà ilẹ̀ mọ̀. Àmọ́ yáàdì kan ṣoṣo kò lè gbé ọfà kúrò ní ẹ̀dọ̀fóóró lọ sí òkè ẹ̀yìn. Bí ọdẹ ṣe dúró ló gbé e lọ.

Nígbà tí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀, apá àti àyà yín gún régé, ọsán, ìyẹn okùn ọrun, kan igun ẹnu, ojú yín sì ń gba inú ihò kékeré tó wà láàárín ọsán wo àmì ìfojúsùn. Tí ẹran bá wá wà nísàlẹ̀, ohun tó rọrùn jù fún ara ni kí apá tó di ọrun mú kàn lọ sílẹ̀. Apá nìkan ló lọ o. Orí kò tẹ̀ lé e, ọsán ti kúrò ní igun ẹnu, ojú kò sì gba inú ihò yẹn dáadáa mọ́. Ìyẹn ti tó láti ba ìtafà jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fa ọsán bí ẹni pé ẹran wà ní iwájú yín gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kí ọsán jókòó sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ ara sílẹ̀ láti ìbàdí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹríba kí àgbàlagbà lójú títì, kí apá, orí àti àyà lọ pọ̀. Okùn ààbò tó so yín mọ́ igi lè gba ìwúwo yín díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti fara tì í. Láti ilẹ̀ ni kí ẹ ti so ó, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi okùn fa ọrun sókè tẹ̀ lé ara yín. Ọdẹ tó ń já bọ́ látorí ẹ̀gùn pọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ láàárín wa.

Ibi gíga ni kí ẹ ti máa dánra wò, pẹ̀lú aṣọ òtútù tí ẹ máa wọ̀ lọ gan-an, torí apá aṣọ tó nípọn máa ń kọ́ ọsán.

Ẹ má wo ibi tí ọfà máa wọlé nìkan. Láti òkè, ó ń wọlé lókè, ó ń jáde nísàlẹ̀. Ẹ wo ibi tó yẹ kó gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, nísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kó lè gba ẹ̀dọ̀fóóró méjèèjì kọjá. Bí ẹran bá wà lábẹ́ yín gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á. Ẹ̀dọ̀fóóró kan ló máa bà, ẹran náà á sì gbé ìrora rẹ̀ lọ jìnnà. Kò sí ẹran tó yẹ ká fi sínú irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rìn síwájú, kó kọ ẹ̀yìn díẹ̀ sí yín.

Ohun mìíràn tún ń mú kí ọfà gba òkè kọjá: etí àgbọ̀nrín. Ọfà tó yára dáadáa ń rin nǹkan bí 280 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró ọsán sì ń rin nǹkan bí 1,100. Ìró á ti dé kí ọfà tó dé. Ẹran á lọ́ ẹsẹ̀ pọ̀ láti fò, àyà rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀, ẹ dẹwọ́. Èyí tó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kí ẹ ta.

Tí ọfà bá ti bà á, ẹ jókòó lókè fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa fòò tó sì ń hó, ti ẹ̀dọ̀fóóró ni, ẹran náà kò ní jìnnà. Èyí tó dúdú, ti ẹ̀dọ̀ ni, ẹ fún un ní nǹkan bí wákàtí 4. Bí ọfà bá ń rùn bí ìgbẹ́, inú ló bà, ẹ padà sílé, kí ẹ wá a lẹ́yìn wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lé e kó tó dùbúlẹ̀, ẹ lè má rí i mọ́.